Ṣé O Mọ Ohun Tó Kó Sínú Àwọ̀n Ẹ?

Ṣé o mọ̀ pé láti Gáréèjì Ìkòròdú, ọ̀nà Ìtóìkín máa gbé ẹ dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́? Kó àwọn ọmọ dání. Mú àwọ̀n kékeré kan àti ike funfun. Ó yá!

Ṣé o mọ̀ pé omi ló gba nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 Ìpínlẹ̀ Èkó?

Ọ̀sà Èkó nìkan gùn ju kìlómítà 50 lọ. Nígbà òjò, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun á tú omi sínú rẹ̀ títí iyọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, òkun á tún wọlé, iyọ̀ á padà!

Gbé àwọ̀n sókè. Edé nìyẹn. Púpọ̀ nínú edé ọ̀sà yìí, òkun ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n wá dàgbà lọ́sà ni, wọ́n á sì tún padà sókun.

Akàn ńkọ́? Rọra dì í mú lẹ́yìn, kó má fi èékánná há ẹ lọ́wọ́. Wo ojú rẹ̀ lórí ọ̀pá, tó ń yí síbí, tó ń yí sọ́hùn-ún. Dojú rẹ̀ délẹ̀, wo ikùn. Ìdérí kan wà níbẹ̀. Tó bá tín-ín-rín tó ṣe ṣóńṣó, akọ ni. Tó bá fẹ̀ rẹ̀gẹ̀dẹ̀, abo ni. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ti mọ èyí!

Ẹ̀jẹ̀ akàn kì í pupa. Búlúù ni!

Eyín rẹ̀ sì wà nínú ikùn. Inú ibẹ̀ ló ti ń rún oúnjẹ.

Wo ẹrẹ̀ tó wà létí omi yẹn. Ẹja kan ń fi lẹbẹ rìn lórí rẹ̀. Ẹja, lórí ilẹ̀! Bí ara rẹ̀ bá ṣáà ti tutù, awọ ara ló fi ń mí.

Ẹja pẹlẹbẹ nì wá ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bí i, ojú kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tó ń dàgbà, ojú kan ṣí lọ bá èkejì!

Òjìjí ò gbà fún ẹnikẹ́ni o. Iná ilé ẹ, fóòltì 240 ni. Òjìjí lè ta 350!

Ẹpìyà tó dúdú lábẹ́ àgbọ̀n ni èmi fẹ́ràn jù. Ìyá yé ẹyin tán, bàbá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Bí ọ̀sẹ̀ méjì! Kò jẹun gidi. Jọ̀wọ́, bí o bá rí èyí tí ẹnu rẹ̀ wú, dá a padà sómi kíákíá.

Ẹpìyà yìí kan náà ti dé Thailand. Ó pọ̀ débi pé ní 2024, ìjọba wọn ń san báàtì 15 lórí kìlò kan kó lè dín kù.

O rò pé ó tán? Ẹran ńlá kan wà nínú àwọn ọ̀sà wa, tí òyìnbó ń pè ní manatee. Ó lè gùn ju mítà 3 lọ. Koríko ló ń jẹ. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí eyín iwájú bá jẹ tán, ti ẹ̀yìn á sún wá rọ́pò rẹ̀. Ta ni ìbátan rẹ̀? Erin! Erin inú igbó! Òfin Nàìjíríà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pa á.