Òkun Ti Dé Ewékorò Rí: Kí Ni Òkúta Ń Jẹ́rìí Sí?

Bí èèyàn bá gba Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, yóò kan Ewékorò lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí ọdún 1960. Ẹni tó bá wo òkúta náà dáadáa yóò rí ìkarahun ìsáwùrú, akàn àti oríṣiríṣi ẹ̀dá òkun nínú rẹ̀. Òkun ti wà níbẹ̀ rí. Kì í ṣe àgbọ́sọ, a lè fọwọ́ kàn án.

Ohun tí àwọn èèyàn ń fi kún un ló yẹ ká yẹ̀ wò. Níbikíbi tí wọ́n bá ti rí irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ gbígbẹ, àwọn kan á ní ìkún omi ayé Nóà ló gbé e wá. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ wá lọ́kàn tó, pàápàá lọ́nà Mòwé àti Ìbàfò tí àgọ́ àdúrà pọ̀ sí. Mi ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rí ni mò ń béèrè.

Leonardo da Vinci, ọmọ Ítálì, ti béèrè rẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ó rí ìkarahun lórí òkè tó jìnnà sí òkun, ó wá ní: ẹ̀dá tó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀, báwo ló ṣe rin 250 máìlì láàárín 40 ọjọ́ ìkún omi náà? Ó tún rí i pé ìpele lórí ìpele ni wọ́n wà, àgbà àtọmọ lójú kan, bí wọ́n ṣe gbé nígbà tí wọ́n wà láàyè. Àgbàrá ì bá ti dà wọ́n rú.

Ní Ewékorò, ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín ló rọ̀ sísàlẹ̀ òkun tí kò jìn, wọ́n ń ki sí i títí wọ́n fi di òkúta. Kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Irú àwọn ẹ̀dá yìí ń yàtọ̀ láti sáà dé sáà, òun làwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi mọ̀ pé òkúta náà ti tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún. Egungun èèyàn bíi tiwa tó tíì pẹ́ jù tí a mọ̀, èyí tí wọ́n rí ní Mòrókò, kò ju nǹkan bí 300,000 ọdún lọ. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó fojú rí òkun Ewékorò tó lè ròyìn rẹ̀ fọ́mọ.

Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà pínyà, etí ilẹ̀ wa rì díẹ̀díẹ̀, omi sì ń wọlé, ó ń padà. Òkúta yìí kan náà ni wọ́n ń wà ní Ṣágámù, ní Onígbólò ní Benin, àti ní Tabligbo ní Tógò. Bó ṣe ń lọ sí etíkun ló ń jìn sí i lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá kọjú sí àríwá, ó dópin. Àpáta tí ooru inú ilẹ̀ ṣẹ̀dá la ó bá ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta, irú rẹ̀ náà ló sì wà nísàlẹ̀ Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ìtàn ti sọ pé omi ló bo gbogbo ayé kí Odùduwà tó da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìpele òkúta òkun lórí èyíkéyìí nínú wọn.