Ìdánimọ̀ Lórí Ẹ̀rọ: Kí Ni Blockchain Lè Ṣe fún Aláìní Tí Kò Ní Ìwé Lọ́wọ́?



Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń bi wá léèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ wa kò fi blockchain ṣe ìwé orúkọ àwọn ọmọ òrukàn àti àwọn tí sàká tọ́ sí. Àwọn àgbà kan sì ní kí a má tilẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Bitcoin ni, Bitcoin kò sì yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ lójú tiwọn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tó dáhùn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì ni a ó fi ṣàlàyé, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti lò ó fún àwọn aláìní gan-an, Mùsùlùmí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Àgọ́ kan wà nínú aṣálẹ̀ Jọ́dánì tí wọ́n ń pè ní Azraq. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i fún àwọn ará Síríà tí ogun lé kúrò nílé. Ẹni tí bọ́ǹbù wó ilé mọ́ lórí kì í ráyè mú ìwé ìbí, ẹni tí kò sì ní ìwé, báǹkì kì í fẹ́ dá a lóhùn. Àjọ UNHCR tí ń bójú tó àwọn ogunléńdé kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹyinjú wọn, ìyẹn òrùka tí ó yí ọmọlójú ká, tí ti ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àjọ WFP tí ń bójú tó ètò oúnjẹ lágbàáyé gbé ètò kan dé ibẹ̀ tí wọ́n pè ní Building Blocks, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní Pakistan. Ẹgbàárùn-ún ènìyàn (10,000) ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018 wọ́n ti lé ní 100,000 nínú àwọn àgọ́ Jọ́dánì.

Bí ó ti máa ń rí nígbà náà nìyí. Ìyá kan yóò kó ìrẹsì, òróró àti ṣúgà nínú sọ́ọ̀bù àgọ́, yóò dé ọ̀dọ̀ agbowó, kò ní yọ owó, kò ní yọ káàdì. Yóò wo inú ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ náà yóò bi àkọsílẹ̀ UNHCR léèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tí ó ni ojú yìí. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, yóò wo inú blockchain bóyá owó oúnjẹ rẹ̀ ṣì kù, yóò yọ iye ohun tí ó rà, ó parí. Owó dínárì Jọ́dánì ni WFP máa ń san fún ọlọ́jà nígbà náà. Kò sí Bitcoin níbẹ̀ rárá. Lóòótọ́, Bitcoin ló sọ blockchain di olókìkí láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ni blockchain, ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ni yóò gbà.

Irú ìwé wo wá ni? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ alájọ ṣe àpẹẹrẹ. Ènìyàn márùn-ún ló ń tọ́jú ìwé àjọ, ohun kan náà ló sì wà nínú ìwé ọwọ́ gbogbo wọn. Bí ojú ìwé kan bá kún, wọn yóò ṣírò nọ́ńbà kan jáde láti inú gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, wọn yóò sì kọ nọ́ńbà náà sí orí ojú ìwé tí ó tẹ̀ lé e. Bí akápò bá yọ́ lọ sí ojú ìwé kẹta lóru, tí ó sọ ₦5,000 di ₦2,000, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní bá èyí tí ó wà lórí ìkẹrin mu mọ́, ti ìkẹrin yóò dàrú, ti ìkarùn-ún yóò dàrú. Bí ó bá tilẹ̀ jókòó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ìwé ọwọ́ àwọn mẹ́rin yòókù yóò tú u fó. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ojú ìwé kan sì ti so mọ́ èkejì ni wọ́n fi pè é ní ẹ̀wọ̀n. Àwa tí a ń ka Suuratul-Baqarah mọ̀ pé nínú aaya 282 Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ìwé tí ó ní ẹlẹ́rìí púpọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa.

WFP sọ pé owó tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ àwọn fi 98 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Èyí tí ó wu àwa jù ni ti Ukraine: láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń lò ó níbẹ̀ kí àjọ méjì mẹ́ta má baà máa fún ẹnì kan ṣoṣo ní ìrànlọ́wọ́ kan náà, kí ẹlòmíràn sì máa wò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pín sàká rí mọ ohun tí à ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe blockchain ló mọ ìyá yẹn ní Azraq. Àwọn tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bí a bá kọ ẹni tí kì í ṣe alágbàtọ́ sílẹ̀ ní alágbàtọ́, ẹ̀rọ yóò pa irọ́ náà mọ́ dáadáa, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2024 pé nǹkan bí 150 mílíọ̀nù ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni a kò fi orúkọ ìbí wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè sọ ẹni tí bàbá ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Aládùúgbò, ìyá àgbà, àfáà tí ó sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ló lè sọ ọ́.

Ohun kejì ni pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́dánì, WFP nìkan ló mú gbogbo ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́, kí àjọ UN Women tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ kan bínú sí i, a sì rò pé wọ́n jàre. Bí ẹnì kan bá mú ìwé márààrún dání, ta ni ẹlẹ́rìí?

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni pé ohun tí a bá kọ síbẹ̀ kì í ṣe é pa rẹ́. Ní Azraq, wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú blockchain, nọ́ńbà lásán ni; wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Rohingya ní Bangladesh, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe blockchain ni wọ́n lò fún un. Ní ọdún 2021, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé orúkọ àti àwọn àmì ìdánimọ̀ àwọn tí ó tó 830,000, ó kéré tán, ti dé ọwọ́ ìjọba Myanmar tí wọ́n sá fún. UNHCR ní òun ṣàlàyé fún wọn tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn. Ọmọ òrukàn ọdún mẹ́fà kò lè sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Bí ó bá di adájọ́ tàbí oníṣòwò ńlá lọ́jọ́ iwájú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè ṣí ìwé kan kí ó ka iye ìgbà tí ó gba sàká. Aaya 271 nínú Suura kan náà fi ọrẹ ìkọ̀kọ̀ ṣe èyí tí ó lóore jù.

Ọ̀nà tuntun kan wà tí àjọ W3C fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ ní ọdún 2022. Ẹni tí ó ni ìwé ẹ̀rí ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nínú fóònù ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yẹ òǹtẹ̀ ẹni tí ó fún un ní ìwé náà wò nìkan ló lè wà nínú blockchain. Ó dára fún àgbàlagbà tí ó ní fóònù. Àwọn ìyá arúgbó tí ń tọ́ ọmọ ọmọ lọ́dọ̀ wa ńkọ́?

Fún ìdí èyí, a kò tíì ní gbé orúkọ ọmọ kankan sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ìwé àwọn ọmọ òrukàn wa: ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá àdínì, a sì máa ń fi wọ́n wé ara wọn lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan. Alágbàtọ́ tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò bá ní ìwé ìbí, kí ó kàn sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ẹnì kan nínú wa bá òun lọ, kí ó rí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.