Oòrùn Kan, Agogo Mẹ́rin: Bí Bràsíìlì Ṣe Ń Ka Wákàtí

Nígbà tí agogo bá lu méjìlá ọ̀sán ní Àjàṣẹ́, mọ́kànlá ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Lomé. Àwọn oníṣòwò tí ń ré ẹnubodè kọjá mọ èyí dájú. Ṣùgbọ́n ní Bràsíìlì, ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà ti padà wá, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láàárín orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Bí a bá pín òbìrí ayé sí ìdá 360, ìdá 15 ni ayé ń yí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó wà níhà ìlà-oòrùn ni ó ń kọ́kọ́ rí ojúmọ́. Bràsíìlì fẹ̀ débi pé agogo kan kò lè bá gbogbo rẹ̀ mu, nítorí náà ni òfin ọdún 1913 ṣe pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Bí ó bá di agogo méjìlá ọ̀sán ní Àjàṣẹ́ lónìí, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ní erékùṣù Fernando de Noronha. Mẹ́jọ ni ní Bahia àti ní Brasília, olú-ìlú. Méje ni ní Manaus. Mẹ́fà péré ni ní Acre, lẹ́bàá ààlà Peru àti Bolivia. Láti 2019, Bràsíìlì kò yí agogo síwájú nígbà ooru mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ará Bahia sọ̀rọ̀, kí ó yọ wákàtí mẹ́rin kúrò, ó parí.

Ní Acre, ọ̀rọ̀ agogo di ọ̀rọ̀ ìlú. Ní 2008, òfin sún agogo wọn síwájú ní wákàtí kan, kí ó lè súnmọ́ ti olú-ìlú. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í gbọ́ òfin: ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ọmọ ilé-ìwé fi ń jáde nílé. Nígbà tí a bi ará ìlú léèrè nínú ìdìbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, àwọn tí ó fẹ́ agogo àtijọ́ ni ó pọ̀ jù. Síbẹ̀, ó di oṣù kọkànlá ọdún 2013 kí a tó dá a padà fún wọn.

Ní ìdìbò 2022, gbogbo Bràsíìlì tẹ̀lé agogo Brasília. Àwọn ará Acre bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, èyí ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n agogo tí ènìyàn yóò máa fi jí lójoojúmọ́, ó yẹ kí a bi í léèrè kí a tó yí i.