Olóòtú Àlejò Nínú Jọ́nà Ìmọ̀ Ìbálòpọ̀

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀nà tí onímọ̀ kan fi ń gba iṣẹ́ olóòtú fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni jọ́nà, pàápàá jọ́nà tó jẹ mọ́ ọ̀ràn ìbálòpọ̀ ẹ̀dá. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa kì í sọ ní gbangba ni, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ojú ìmọ̀ wò kì í ṣe ìsọkúsọ.

Jọ́nà ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń kọ àbájáde ìwádìí wọn sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bá dé ọwọ́ olóòtú tó sì yege ni yóò tẹ̀ jáde. Ọ̀kan lè dá lórí òfin, òmíràn lórí àìsàn. Àkànṣe ẹ̀dà kò rí bẹ́ẹ̀. Kókó kan ṣoṣo ni gbogbo àròkọ inú rẹ̀ ń dá lé, ẹni tó sì mú kókó náà wá láti ìta ni a ń pè ní olóòtú àlejò. Sexualities, tí Ken Plummer ti Yunifásítì Essex dá sílẹ̀ ní 1998, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn jọ́nà tó ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Báwo ni àlejò ṣe ń wọlé? Ìwé àbá ni yóò kọ sí olóòtú àgbà. Nínú rẹ̀ ni yóò ti sọ ìbéèrè tó fẹ́ wádìí, ìdí tí kò fi yẹ kí ìbéèrè náà dúró di ọjọ́ mìíràn, irú àwọn tó rò pé wọn yóò kọ̀wé, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń mú wá dípò ìbéèrè. 'Ìbálòpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà' kì í ṣe ìbéèrè rárá; ọjà ńlá ni, kò sí ohun tí ènìyàn kò lè kó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè pé, ǹjẹ́ olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ nípa ara rẹ̀ láìsá lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní ohun láti sọ yóò mọ ara wọn lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá gba àbá náà, ìpè yóò jáde, bébà yóò wọlé, àwọn onímọ̀ tí a kò jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òǹkọ̀wé yóò sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ọ̀rẹ́ tí olóòtú àlejò fúnra rẹ̀ pè lè kọ ohun tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Kò gbọdọ̀ gbà á. Nínú ọ̀ràn ìbálòpọ̀, iṣẹ́ kan tún wà tó le jù èyí lọ: kí ó rí i dájú pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni tó sọ àṣírí ara rẹ̀ fún olùwádìí mọ̀ nínú bébà. Orúkọ nìkan kọ́ ni à ń yọ. Àdúgbò àti iṣẹ́ òòjọ́ lè tú àṣírí. Ní Nàìjíríà, níbi tí òfin ọdún 2014 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin ṣe ìgbéyàwó, tàbí obìnrin tó bá bá obìnrin ṣe é, àìkíyèsára olóòtú lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Ṣùgbọ́n agbára tó tóbi jù lọ́wọ́ olóòtú àlejò ni agbára ìsọmọlórúkọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, Teresa de Lauretis, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Santa Cruz, pe ìpàdé àwọn onímọ̀ lórí ìfẹ́ láàrin obìnrin sí obìnrin àti ọkùnrin sí ọkùnrin. Ìpàdé yìí ló bí àkànṣe ẹ̀dà jọ́nà differences ti 1991, òun sì ni olóòtú àlejò. Queer Theory ni ó pe ẹ̀dà náà. Èébú ni queer jẹ́ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ so ó mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kí ó lè ta létí. Ìbéèrè rẹ̀ hàn kedere: bí a ti ń pe obìnrin àti ọkùnrin wọ̀nyí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ǹjẹ́ a kò bo ìyàtọ̀ àárín wọn mọ́lẹ̀, pàápàá ìyàtọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀? Àròkọ Tomás Almaguer lórí àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, àti ti Ekua Omosupe lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, wà nínú rẹ̀.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àmọ́ ìjánu yìí já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi tàn ká àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ní 1994, jọ́nà kan náà tún gbé àkànṣe ẹ̀dà mìíràn jáde, Judith Butler ni olóòtú àlejò. Inú rẹ̀ ni de Lauretis ti kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó ní àwọn ilé ìtẹ̀wé ti sọ ọ́ di òfìfo. Lójú tèmi, ó le mọ́ ọmọ rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìyìn ni fún jọ́nà tó gba àbá náà, tó sì tún gba ẹni tó dá a láyè láti ta kò ó.

Nítòsí wa, Feminist Africa, tí Amina Mama ọmọ Nàìjíríà jẹ́ olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Cape Town, ya ẹ̀dà méjì tó tẹ̀ léra, ti 2005 àti ti 2006, sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn ìbálòpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń kọ àbá lè kó wọn pọ̀ mọ́ ti 1991, kí ó ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú olóòtú nìkan, kí ó sì fa ìlà sí abẹ́ ìbéèrè tí ó bá rí níbẹ̀.