Bí Gramófóònù Bá Ń Kùn, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Ẹ Gbé E Sí

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwo orin àtijọ́ tún ti ń jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì tún kó orin Orchestre Super Borgou ti Parakou, èyí tí wọ́n kọ láàrin 1970 sí 1976, jáde fún gbogbo ayé. Nígbà tí àwọn ará òkèèrè ń mọyì ohun tí ó jẹ́ tiwa, ó yẹ kí àwa náà mọ bí a ti ń gbọ́ ọ láìba á jẹ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra gramófóònù àlòkù kan, èyí tí a ń pè ní tourne-disque, lọ́wọ́ bàbá kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní ọjà Arzèkè. Ìrántí bàbá mi tí ó ti dolóògbé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi sì fẹ́ gbọ́ àwo tí bàbá fẹ́ràn jù. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo to sípíkà méjèèjì tì í. Bí mo ti gbé ohùn sókè ni ariwo kan bẹ̀rẹ̀, “wùùùù”, ó bo orin mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ fò, ó sì ha àwo náà. Àwo tí ó bá ti ha, kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe mọ́.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá wọn, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.” Mo fi ìbínú lọ sí ọjà. Bàbá náà gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, “Ọmọ mi, níbo lo gbé e sí?”

“Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni, Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Etí ni abẹ́rẹ́, ẹnu ni sípíkà. O gbé etí àti ẹnu sórí igi kan náà. Báwo ni wọn kò ṣe ní yọ ara wọn lẹ́nu?”

Òótọ́ ni ó sọ. Abẹ́rẹ́ ń gba inú poro tóóró ojú àwo kọjá, ó ń gbọ̀n. Orí abẹ́rẹ́ ń sọ gbígbọ̀n yẹn di iná mànàmáná tí kò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan lọ. Àńpílífáyà ń bù ú kún, sípíkà sì ń sọ ọ́ di ohùn. Ṣùgbọ́n ohùn náà ń gbọn igi, igi tún ń gbọn abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin orin àti igi. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́. Bí ó ti ń yípo ni ó ń pọ̀ sí i. Larsen ni Faransé ń pè é, láti ara orúkọ Søren Absalon Larsen (1871–1957), onímọ̀ ará Denmark. Òun kan náà ni ó ń han gooro ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a bá kọ ojú máíkì sí sípíkà.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Bí ariwo kò bá dáwọ́ dúró, kì í ṣe larsen. Ẹ lọ wo okùn wáyà kékeré tí ó so gramófóònù mọ́ àńpílífáyà, bóyá ó ti tú. Bí ó bá dákẹ́, ẹ pa mọ́tò, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo tí kò yí, kí ẹ sì máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Bí kíkùn bá bẹ̀rẹ̀, tí ó ń dàgbà fúnra rẹ̀, larsen nìyẹn. Ẹ tètè rẹ ohùn sílẹ̀, kí sípíkà má baà ya.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀:

1. Ẹ gbé sípíkà kúrò lórí tábìlì tí gramófóònù wà, kí ẹ má sì kọ ojú rẹ̀ sí i.

2. Ẹ gbé gramófóònù lé òkúta pẹlẹbẹ tí ó wúwo, kí ẹ fi túùbù kẹ̀kẹ́ tí a fẹ́ díẹ̀ sí abẹ́ òkúta náà. Kí ó dúró gbọọrọ, kí ó má dagun.

3. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò bí orin bá ń lọ, nítorí ó ń gba atẹ́gùn bí awọ ìlù.

4. Ẹ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù.

5. Ẹ má fi owó ẹyọ tẹ orí abẹ́rẹ́. Ó ń jẹ àwo run.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ilé sì dákẹ́. Ní ọjọ́ ìrántí, ìyá mi gbọ́ àwo náà dé òpin, ó ń gbè é. Ibi tí ó ha ṣì ń dún “tá, tá”. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó tà á. Mo padà lọ bẹ bàbá náà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, tàbí pé ọlọ́jà rẹ́ wa jẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a gbé e sí.