Bí A Bá Mọ Ohun Gbogbo Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa tí ẹ ń ti ọ̀dọ̀ wòlíì kan bọ́ sí òmíràn kí ẹ lè mọ gbogbo ohun tó wà níwájú, bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, ṣé ẹ óò lè jẹun alẹ́?

James Watson wà lára àwọn tó tú àṣírí DNA ní 1953. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú ara òun fúnra rẹ̀ wò ní 2007, ó gbà kí gbogbo ayé rí i, àfi ibi tó jẹ mọ́ àrùn ìgbàgbé tó ṣe ìyá rẹ̀ àgbà. Òun kò fẹ́ gbọ́. Àgbà ọ̀mọ̀wé mà ni o! Kí ni ì bá máa ṣe ju kó jókòó ti àrùn tí kò gbóògùn? Oníwàásù 1:18 kúkú ti so ìmọ̀ pọ̀ mọ́ ìbànújẹ́.

N kò ní kí ẹ má yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò o. Ìyẹn ní oògùn.