Èrò Mílíọ̀nù 83.9 ní Heathrow: Kí Ni Wọ́n Ń Kà Gan-an?

Ìròyìn tó gbòde ni pé ní ọdún 2024, èrò mílíọ̀nù 83.9 ló gba pápákọ̀ òfurufú Heathrow kọjá, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀ títí di ìgbà náà. Àwọn kan ti wá ń sọ ọ́ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 84 ló wọ Lọ́ńdọ̀nù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Iye èrò kọ́ ni iye orí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ bímọ ní Houston, tó ń ti Èkó lọ bá a wẹ ọmọ. Bàlúù balẹ̀ sí Heathrow ní òwúrọ̀. Màmá jókòó, ó gbé báàgì tó di òrí àti ọṣẹ dúdú sí lé ẹsẹ̀, kò fojú kan títì Lọ́ńdọ̀nù rárá. Nígbà tó yá, ó wọ bàlúù mìíràn, ó di Amẹ́ríkà. Nínú ìwé Heathrow, èrò méjì ni màmá yìí: ọ̀kan nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan nígbà tó gbéra. Bó bá tún gba ibẹ̀ padà wálé, ó di mẹ́rin.

Kò sí èrú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Bí ẹ bá dúró ní Ọ̀ṣòdì tí ẹ ń ka gbogbo ẹni tó bọ́ nínú dánfó àti gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹni tó ń ti Ìkẹjà lọ sí Mile 2 á bọ́ sínú ìṣirò yín lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí gáréèjì ṣe lẹ kà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká kàn gbé Heathrow lé òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú pápákọ̀ bíi Stansted tàbí Luton, níbi tó jẹ́ pé àwọn tó ń wọ ìlú tàbí tó ń jáde níbẹ̀ ló pọ̀ jù.

Kòrónà fa iye èrò Heathrow wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 80.9 ní 2019 sí 22.1 ní 2020, àti 19.4 ní 2021. Ọdún 2021 ló burú jù, torí pé àwọn oṣù tó ṣáájú nínú 2020 ṣì gún régé kí wọ́n tó ti ìlú pa.

Bàlúù fúnra wọn ńkọ́? Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí kíkọ́ Terminal 5 ní Heathrow ní 2001, wọ́n fi òté lé pápákọ̀ náà: gbígbéra àti bíbalẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 480,000 lọ lọ́dún. Ní 2000, iye rẹ̀ ti tó bíi 460,000, èrò sì jẹ́ mílíọ̀nù 64.6. Láti ìgbà náà, èrò ti fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 19 pọ̀ sí i, lójú ọ̀nà méjì kan náà tí bàlúù ń sá lé. Bàlúù tó tóbi ló dé, àga òfìfo sì dín kù.

Àríyànjiyàn lórí ojú ọ̀nà kẹta ti tún gbérí báyìí. Àwọn kan ń béèrè pé àǹfààní wo ni ẹni tí kò jáde síta, tí kò wọ takisí, tí kò sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ń ṣe fún Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ ní tèmi, ó jọ pé irú màmá yẹn wà lára àwọn tó ń mú kí bàlúù Èkó kún, kí ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ wálé ọdún tó rí èyí tó máa wọ̀.